Máṣíìnì Tí Màámi Ò Béèrè

Dakar, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Sẹptáńbù, 1962

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, ẹ gbà pé mo kúnlẹ̀. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àtìgbà tí bàbá ti fi wá sílẹ̀. Ara mi le. Òtẹ́ẹ̀lì ṣì ni mo wà, ilẹ̀ rẹ̀ ni mò ń nù láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Berthe, ọmọ Ita-Djèbou tó ti ilé dé lóṣù tó kọjá, ló sọ fún mi pé orúnkún yín ti wú, àti pé lórí orúnkún náà lẹ ṣì ń fọ ilẹ̀ yàrá bàbá ní gbogbo Sátidé. Màámi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Máṣíìnì ni mo fi ń nu ilẹ̀ àwọn òyìnbó níbí, ìyá mi wá ń fi orúnkún wọ́lẹ̀ bí ọmọ tó ń rá.

Oríṣi mẹ́ta ni máṣíìnì náà. Èkínní ń lo iná mànàmáná: ó ní búrọ́ọ̀ṣì róbótó lábẹ́ ikùn, ó ń yí bí òòyì, ó sì ń ké. Ó ń fọ ilẹ̀, ó tún ń mú un dán. Èkejì ò fẹ́ iná. Irin wúwo ni wọ́n gbé lé búrọ́ọ̀ṣì lórí, ó ní ọ̀pá gígùn, ẹ ó máa tì í lọ, ẹ ó máa fà á bọ̀, àmọ́ apá ọkùnrin ló ń fẹ́. Ẹ̀kẹta fúyẹ́, ó ní táyà kéékèèké, eruku ló ń gbá sínú. Ṣùgbọ́n bí epo pupa bá kán sílẹ̀, ńṣe ló máa gba orí rẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ mọ̀: ilẹ̀ tí bàbá fi sìmẹ́ńtì ṣe, ṣé ó ṣì ń dán, àbí ó ti sán? Ilẹ̀ tó bá ti sán ń jẹ búrọ́ọ̀ṣì. Ṣé iná sì ti dé Sakété?

Ibi tó le nìyí. Ọ̀gá wa obìnrin ní ẹni tó bá lọ sílé ní Desáńbù kò ní rí máṣíìnì gbà. Ẹni tó bá dúró ṣiṣẹ́ ọdún, òun á fún un ní ọ̀kan. Ẹ sì mọ̀ pé mo ti pinnu láti wá ṣe ọdún kan bàbá ní Janvié. Nígbà tí wọ́n sin ín, mi ò sí níbẹ̀. Ojú mi ò tíì rí ilẹ̀ tó bò ó. Ẹ̀yin ni mo fi í lé lọ́wọ́: kí n wá ni, àbí kí n fi máṣíìnì ránṣẹ́? Ohun tí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ ni n ó ṣe.

Kí Ézéchiel ka lẹ́tà yìí fún yín dáadáa, kó má fo ọ̀rọ̀ kankan. Bí ẹ bá ṣe sọ èsì rẹ̀ ni kó kọ ọ́.

Èmi ọmọ yín,
Victorine Fadékẹ́


Sakété, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Sẹptáńbù, 1962

Ládiípọ̀ olórí bí ìkòkò ọbẹ̀,

Mo kí ọ. Mo kí bàbá rẹ, Bàbá Fágbèmí, bó bá ti jẹun. Bí kò bá tíì jẹun, má kí i fún mi, jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun. Ṣé ilé iṣẹ́ epo yín ṣì ń pariwo mọ́ yín létí ní Pobè?

Gbọ́. Dàdá Victorine, ẹ̀gbọ́n mi, kọ̀wé láti Dakar. Mo fi ohùn rẹ̀ ka ìwé náà fún Màámi. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Àfi bíi pé ó jókòó tì mí." Ṣùgbọ́n ibi tí Dàdá ti ní òun ń bọ̀ wá ṣọdún bàbá nìkan ni mo kà. Mi ò ka ibi máṣíìnì.

Máṣíìnì tó ń fọ ilẹ̀, Ládi! Ó ń dá yí, ó ń dá ké! Dàdá ní kí Màámi mú ọ̀kan nínú méjì: kí òun wá, tàbí kí máṣíìnì wá. Èmi ti bá Màámi mú un. Dàdá, ọdún wo ni kò lè wá? Máṣíìnì ńkọ́, ìgbà wo la tún máa rí i?

O mọ ohun tí ojú mi ń rí ní Sátidé. Korobá omi mẹ́fà láti ìdí kànga. Màámi á kúnlẹ̀ sí yàrá tí a sin bàbá sí, á fi kànrìnkànrìn àti ọṣẹ dúdú fọ ilẹ̀, á máa bá bàbá sọ̀rọ̀: ewúrẹ́ ti bímọ, àgbàdo ti wọ́n, Ézéchiel ò gbọ́ràn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ilẹ̀ yẹn nígbà ayé rẹ̀, o mọ̀ pé kò sí bíríkìlà bíi tirẹ̀ títí dé Towé. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún sìmẹ́ńtì rẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, tí àwọ̀ rẹ̀ dú ju ìyókù lọ, ibẹ̀ ni Màámi máa ń pẹ́ sí jù. Bó bá fẹ́ dìde, á di ògiri mú, orúnkún rẹ̀ á dún. Má wulẹ̀ sọ pé eré nìkan ni mò ń ṣe. Orúnkún yẹn ń dun èmi náà.

Mo ti kọ èsì lórúkọ Màámi. Ta ló mọ ẹnu Màámi bíi tèmi? Ọ̀dọ̀ yín ni àpótí máṣíìnì náà máa gbà wá, torí bó bá sọ̀ sí gáà ọkọ̀ ojú irin tiwa, Màámi á rí i. Bá mi fi pamọ́. Iná wà nílé iṣẹ́ epo yín, níbẹ̀ la ó ti kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀. Ní ti Sakété, ṣé o ò gbọ́ òṣèlú tó wá lọ́jọ́sí ni? "Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí ọdún tó yí po, gbogbo ilé á tàn!" Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ikùn mi pàápàá ti ń yọ síwájú bíi tirẹ̀.

Èmi ni,
Ézéchiel, ẹni tí mẹ́tírì, olùkọ́ wa, lé kúrò nílé ìwé nítorí pé ohùn mẹ́tírì tó ń ṣe jọ ti mẹ́tírì ju ti mẹ́tírì fúnra rẹ̀ lọ


Sakété, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Sẹptáńbù, 1962

Fadékẹ́ ọmọ mi, Àjíkẹ́ ọmọ Ògúnlékè,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé òtútù òkun ò mú ẹ? Bí wọ́n bá fún ẹ ní ẹja tí o ò mọ orúkọ rẹ̀, má jẹ ẹ́.

Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà rẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí Ézéchiel kà á. Ọmọ dáadáa ni Ézéchiel, Ọlọ́run á bá mi wò ó.

Orúnkún mi ti di ti arúgbó. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, dídìde di ẹjọ́. Ilẹ̀ bàbá rẹ ò sán, ó ń dán bí ojú omi. O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Máṣíìnì oníná ni mo fẹ́, èyí tó ń ké. Iná ti ń bọ̀, wọ́n ti gbin òpó dé iwájú ilé wa. Onírin wúwo yẹn, ta ni á máa tì í? Èyí tó ń gba orí epo kọjá, ìyẹn ò yàtọ̀ sí àlejò: ó wò ó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ti wíwá rẹ, ọmọ mi, òkú kì í sá. Ibi tí bàbá rẹ wà náà ni wàá bá a lọ́dún tó ń bọ̀. Má da ara rẹ láàmú. Dúró síbi iṣẹ́ rẹ, fi máṣíìnì ránṣẹ́, ìyẹn ló máa dùn mọ́ mi jù. Pobè ni kó o fi í ránṣẹ́ sí, lọ́dọ̀ Bàbá Ládiípọ̀ àbúrò bàbá rẹ, torí ojú pọ̀ ní gáà tiwa níbí.

Ẹnu mi ló sọ ọ́, ọwọ́ Ézéchiel ló kọ ọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Tẹjúmádé


Dakar, ọjọ́ kejì oṣù Nofáńbù, 1962

Màámi mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà yín dé. Ohùn yín gan-an ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. "Dídìde di ẹjọ́", bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Mo kà á sí Berthe létí, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní òkú kì í sá, ẹ̀rín ò lè wá fún mi.

Màámi, mo rò pé ẹ máa ní kí n wá ni. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ní ohun tí ẹ bá sọ ni n ó ṣe, mi ò ní jiyàn.

Mo ti ṣèlérí fún ọ̀gá pé n ó dúró ṣiṣẹ́ ọdún, mo sì mú oníná. Mẹ́rin ni ọ̀gá kó síwájú mi, mo sì dán gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ ilé ìdáná. Ọ̀kan ń fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọ̀kan ń fi àmì róbótó sílẹ̀ níbi tó bá gbà. Ẹ̀kẹta wúwo ju agbára yín lọ. Èyí tí mo mú ti gbó lójú, ṣùgbọ́n ó ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ ó sì lè gbé e fúnra yín. Búrọ́ọ̀ṣì méjì ló ní: èyí tó le ni ti fífọ̀, èyí tó rọ̀ ni ti dídán. Ẹ má da omi sílẹ̀ kó kún, àkísà tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi nu ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi kan ikùn rẹ̀. Bí ẹ bá wá dé orí ibi tí bàbá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo èyí tó rọ̀.

Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lánàá. Bó bá dé Cotonou, á gba ojú irin lọ sí Pobè. Mo fi lẹ́tà kan sínú àpótí náà.

Ẹ bá mi kí bàbá lọ́jọ́ ọdún rẹ̀.

Victorine yín


Sakété, ọjọ́ kejìlá oṣù Desáńbù, 1962

Dàdá mi,

Èmi Ézéchiel ni mo kọ èyí, lórúkọ ara mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Nǹkan kékeré kan ni mo fẹ́ béèrè: ṣé ẹ ṣì lè wá? Bí ọkọ̀ bá wà ni o. Kò sẹ́ni tó kú.

Màámi ló ń lọ sí gáà. Gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin bá máa ti Porto-Novo dé, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, á jókòó sábẹ́ máńgòrò, á máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀. Mo ní, "Màámi, kí ló dé tó jẹ́ ẹsẹ̀ lẹ ń wò?" Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun lòun máa kọ́kọ́ dá mọ̀. Ó ti ní kí wọ́n kun yàrá yín. Ó ya adìẹ méjì sọ́tọ̀, ó so okùn pupa mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Olórí gáà bi í pé, "Ìyá, ta lẹ ń retí?" Ó ní, "Ọmọ mi ni, ó ń ti òkun bọ̀."

Lánàá, mò ń ṣe ohùn olórí gáà fún àwọn ọmọ àdúgbò, bó ṣe máa ń kígbe pé ọkọ̀ ti ń wọlé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màámi gbọ́ ọ láti inú ilé, ó rò pé ọkọ̀ ti dé ní tòótọ́, ó sáré jáde. Pẹ̀lú orúnkún yẹn, Dàdá, ó sáré.

Láti àná, mi ò tíì ṣe ohùn ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá lè wá, ẹ wá.

Àbúrò yín,
Ézéchiel


Dakar, ọjọ́ karùn-ún oṣù Janvié, 1963

Ézéchiel,

Ẹ kú ọdún. Lẹ́tà rẹ dé lẹ́yìn ọdún tuntun, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé mi. Kí ni Màámi ń dúró dè ní gáà? Ṣebí òun ló ní kí n má wá. Ìwé náà wà níwájú mi báyìí: "Dúró síbi iṣẹ́ rẹ." Ṣé ó ti ń gbàgbé nǹkan ni? Ṣé ara rẹ̀ ò yá, tí ẹ ń fi pamọ́ fún mi? Àìsàn bàbá náà, ẹ fi pamọ́ fún mi títí ó fi kú.

Mi ò lè wá mọ́. Èmi ni mò ń di ipò àwọn tó lọ sílé mú. Ọkọ̀ tó lè gbé mi dé kí ó tó di ogúnjọ́ oṣù yìí, ọjọ́ ọdún bàbá, ti gbéra níjẹta.

Ka lẹ́tà yìí sókè fún Màámi. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Mò ń dúró.

Victorine


Sakété, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Janvié, 1963

Dàdá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì ní dìde títí lẹ́tà yìí á fi parí.

Màámi ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni. Lẹ́tà tó wà níwájú yín yẹn, Màámi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò ka ọ̀rọ̀ máṣíìnì sí i létí rí. Èmi ni mo ní kí ẹ má wá. Èmi ni mo ní òkú kì í sá. Kò sí iná ní Sakété. Òpó tí mo sọ, ti tẹlifóònù ni.

Lọ́jọ́ ọdún bàbá, ilé kún. Màámi ní kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kí ọkọ̀ Porto-Novo dé ná. Ọkọ̀ dé, gbogbo ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, a padà sílé. A ò tíì jókòó tán tí ọkọ̀ akẹ́rù fi já Bàbá Fágbèmí àti Ládiípọ̀ sílẹ̀ láti Pobè, àpótí yín wà lórí Ládiípọ̀. Bàbá Fágbèmí ti ṣí i, ó sì ti ka ìwé tí ẹ fi sínú rẹ̀. Inú ń bí i. Iwájú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ò ṣe é re! Ọmọ ní òun fẹ́ wá ṣọdún bàbá rẹ̀, ẹ ní kó jókòó, ẹ ní irin ni kó fi ránṣẹ́! Ṣé irin ló máa bá wa sunkún ẹ̀gbọ́n mi?"

Màámi ní, "Ta ló ní kó jókòó?"

"Ẹ̀yin ni! Ó wà nínú ìwé!"

Màámi wò mí. Kò wulẹ̀ wo ẹlòmíràn.

Ó ní, "Ézéchiel, sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ní, "Mo ní kó o sọ ọ́."

Mo bá dìde dúró láàárín wọn, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ohùn rẹ̀: orúnkún, òpó iná, òkú kì í sá. Ẹ mọ̀ pé bí mo bá ti ń ṣe Màámi, gbogbo ilé ló máa ń fi ẹ̀rín wólẹ̀. Kò sẹ́ni tó rín. Nígbà tí mo parí, ó mi orí. Ó ní, "Èmi ni lóòótọ́. Bó bá jẹ́ pé èmi ni Fadékẹ́, èmi náà á gbà á gbọ́."

Bàbá Fágbèmí gbé máṣíìnì jáde, ó di okùn rẹ̀ mú, ó ní, "Níbo la ó wá fi èyí bọ̀?" Màámi fi àtẹ́lẹwọ́ pa búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ yẹn lára, ó ní ọmọ òun mọ nǹkan yàn. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹ̀yin ọmọ yìí pé ilẹ̀ ni mò ń fọ̀?" Ó wọ yàrá bàbá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Àwọn adìẹ méjèèjì ṣì wà. Kò jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n.

Ẹ bú mi, Dàdá. Ẹ gégùn-ún fún mi pàápàá. Ẹ sáà ti kọ̀wé.

Ézéchiel


Dakar, ọjọ́ Àjíǹde, oṣù Avríìlì, 1963

Ézéchiel,

Oṣù méjì àti ààbọ̀ ni mi ò fi kọ̀wé. Mo ráyè. Bí mo bá ti mú kálámù ni mo tún máa ń fi í sílẹ̀. Ìbínú ti rọlẹ̀ díẹ̀ báyìí, àmọ́ ohun tó ṣẹ́kù burú ju ìbínú lọ.

Mo kó gbogbo lẹ́tà Màámi jáde, mọ́kànlá ni. Mo tò wọ́n sórí ibùsùn. Mò ń wò wọ́n, mò ń bi ara mi: ta ló sọ èyí? Ta ló sọ tọ̀hún? Èyí tó ní òun lá àlá mi, ta ló lá a?

Ọ̀kan ṣoṣo ni n ó béèrè lọ́wọ́ rẹ. Èyí tó dé lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, tó ní: "Inú ò bí mi sí ẹ, ọmọ mi, òkun ló jìn." Láti ọjọ́ náà, ìwé yẹn ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn. Nígbà tí Berthe ní ọmọ wo ni kò ní lọ sin bàbá rẹ̀, ìwé yẹn ni mo fi hàn án.

Ṣé Màámi ló sọ ọ́, àbí ìwọ ni?

Má kánjú dáhùn. Má sì fi ohùn rẹ̀ dáhùn.

Victorine


Sakété, ọjọ́ karùn-ún oṣù Mee, 1963

Dàdá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú.

Èmi ni.

Lọ́jọ́ náà, mo gbé ìwé àti kálámù, mo bi Màámi pé kí ni kí n kọ sí yín. Ó ń fọ ilẹ̀, kò gbójú sókè. Mo tún bi í. Kò sọ nǹkan kan. Mo ní ẹ ò gbọ́dọ̀ gba ìwé òfìfo láti ilé ọ̀fọ̀. Mo bá kọ ohun tí mo rò pé ìyá máa ń sọ. Mi ò fi ìyẹn ṣeré, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Mo ka lẹ́tà yín fún Màámi láìfo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, mo sì sọ ohun tí mo kọ nígbà náà fún un. Ẹ̀wà ló ń ṣà lọ́wọ́. Ó ṣà á tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n kọ eléyìí, kí n má fi iyọ̀ kún un:

"Inú bí mi sí ẹ. Ó bí mi títí ọyẹ́ fi lọ, títí a fi gbin àgbàdo. Nígbà tó yá, ó tán. Mi ò rí ẹni tí n ó sọ fún pé ó ti tán, torí kò sẹ́ni tó bi mí."

Mo ní ṣé kí n fi kún un pé kí ẹ wá lọ́dún yìí. Ó ní rárá o. Ó ní òun ò ní rán ọ̀rọ̀ sínú ìwé mọ́ láéláé. Bí ẹ bá wá, ẹ ó gbọ́ ìyókù lẹ́nu òun. Bí ẹ ò bá wá, òun á mọ̀ pé èmi ni mo gba ẹnu lọ́wọ́ òun. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò pariwo. Ó dùn mí ju ẹgba lọ.

Máṣíìnì yín wà ní Pobè. Ládiípọ̀ fi í sí iná nílé iṣẹ́ epo lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ó ké dáadáa. Mi ò lọ gbọ́ ọ.

Lánàá tó jẹ́ Sátidé, Màámi ò kúnlẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá, ó ju kànrìnkànrìn sí mi. Èmi ni mo kúnlẹ̀. Mo fọ̀ láti ìdí ògiri títí mo fi dé ibi tí sìmẹ́ńtì ti dú. Ó tutù níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, Dàdá, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń pọn omi rẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Mo wo Màámi, mo ní, "Ṣé kí n bá Dàdá kí bàbá?" Ohùn yín ti wà lórí ahọ́n mi.

Ó ní, "Fi Fadékẹ́ sílẹ̀. Ohùn tìẹ ni kó o fi kí i."

Mo yanu. Gbogbo ohùn tó wá sí mi lẹ́nu, mo mọ ẹni tó ni wọ́n: ti bàbá fúnra rẹ̀, tiyín, ti mẹ́tírì, ti olórí gáà. Mò ń wá tèmi láàárín wọn. Màámi ń dúró. Omi ti ń gbẹ lórí ilẹ̀.

Ézéchiel